Ìwé Pélébé Inú Apá Aṣọ

Kò sí ẹni tí Ayékòótọ́ kò lè sín jẹ nínú ilé àwọn sísítà náà. Búrẹ́dì ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń po ìyẹ̀fun lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, òun ló ń tì í wọ ààrò. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ ẹyẹ. Bó bá wúkọ́ bíi fádà tó máa ń wá ṣe Mísà fún wọn, gbogbo wọn á tún ìborí orí wọn ṣe. Ìlànà Bẹ́nẹ́díkítì Mímọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, nítorí náà lọ́jọ́ ayẹyẹ, tí Ìyá Olórí bá ti ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, ẹ̀rín oṣù mẹ́ta ló máa ń ya lù wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́dún yìí, Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà pé àádọ́ta ọdún tó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́. Òun ló ṣílẹ̀kùn fún Ayékòótọ́ nígbà tó kọ́kọ́ gbé àpótí rẹ̀ dé, tí ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Wọlé, ọmọ mi. Gbogbo wa la gbọ̀n wọlé yìí."

Ó tó oṣù mélòó kan tí Ayékòótọ́ ti ń kíyè sí nǹkan kan. Bí ìyá yìí bá fẹ́ pe ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ kọjú sí ògiri, á yọ ìwé pélébé kan láti inú apá aṣọ rẹ̀, á wò ó fìrí, á tì í padà, kó tó wá pe onítọ̀hún ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ayékòótọ́ kò sọ fún ẹnì kankan. Ó kàn ń kó o pa mọ́ ni, bí ẹni tó ń kó èso tó pọ́n sápò.

Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n ṣe Mísà, wọ́n dé adé òdòdó lé ìyá náà lórí, wọ́n sì jókòó jẹun ọ̀sán. Àbúrò rẹ̀ obìnrin àtàwọn ọmọ tí àbúrò náà bí jókòó sí tábìlì àlejò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Ayékòótọ́, dìde!"

Ó dìde. Ó ṣe bíi Ìyá Olórí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ṣe bíi sísítà tó ń se oúnjẹ, wọ́n fọwọ́ lu tábìlì. Bí ẹ̀rín ṣe ń gùn ún, ó kó ṣíbí mélòó kan dání bíi kọ́kọ́rọ́, ó rìn tàkàtàkà dé iwájú Ìyá Olórí, ó lanu, ó pa á dé. Ó kọjú sí ògiri. Ó yọ aṣọ ìnuwọ́ láti inú apá aṣọ rẹ̀, ó kà á, ó sì yíjú padà.

"Áà! Ìyá Olórí wa! Ṣebí mo mọ̀ yín!"

Ilé wó fún ẹ̀rín. Ó wá lọ bá àbúrò ìyá náà. Ó wo aṣọ ìnuwọ́ títí, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún un wò. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló bí ẹ?"

Tábìlì àlejò ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ kú. Àbúrò náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tó jẹ́ kí ẹ pè mí ní màmá wa láàárọ̀ nìyẹn?"

Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ ti fi ọwọ́ kan bo apá aṣọ rẹ̀, bí ọmọdé tí wọ́n ká ẹran mọ́ lọ́wọ́. Adé òdòdó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mo ní kí ọjọ́ òní kọjá ná," ló wí. "Lọ́la ni mo fẹ́ sọ ọ́."

Ayékòótọ́ wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀, kò rí i. Ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò kó wọn sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó kúnlẹ̀ láàárín gbogbo wọn, ó jẹ́wọ́. Ìyá Olórí kò pariwo.

"Ojú ẹ ríran ju ti gbogbo wa lọ. Nígbà tó o rí i, kí ló dé tó ò wá sọ fún mi?"

Ó wá irọ́ tó bójú mu, irọ́ kò wá. "Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni, Màmá."

Kò sẹ́ni tó wò ó. Ìyẹn dùn ún ju kí wọ́n nà án lọ.

Ó bá Ìyá Oníkọ́kọ́rọ́ lórí bẹ́ǹṣì inú ọgbà, ó tún kúnlẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Ẹ forí jì mí, ìyá."

"Mo ti forí jì ẹ́. Má rò pé mo ti gbàgbé o. Èyí tí mo fẹ́ gbàgbé gan-an ni kì í lọ." Ó yọ ìwé náà, ó nà án sí i. "Gbà. Gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n báyìí. Wá tìẹ níbẹ̀."

Orúkọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì tí a fi ń dá onítọ̀hún mọ̀: èyí tó ga, èyí tó ń tiro, èyí tí ojú rẹ̀ le. Ayékòótọ́ rí orúkọ tirẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: *Ìyẹ̀fun lára aṣọ. Ara máa ń tù mí tí mo bá rí i.*

Ẹkún tí kò sun lójú gbogbo ènìyàn, ibẹ̀ ló ti sun ún.

Dókítà wá, ó sọ orúkọ àìsàn tó ń mú kí ìyá náà máa gbàgbé èèyàn. Wọ́n fi sísítà mìíràn sẹ́nu-ọ̀nà. Ayékòótọ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ìyá náà máa jókòó ti òun ní ilé búrẹ́dì níbi tí ara á ti máa móoru fún un, Ìyá Olórí sì gbà. Láràárọ̀ ni yóò kí i, tí yóò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un kó tó di pé ìyá náà bi í.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìyá náà tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo máa ń ṣe bíi tàwọn èèyàn? Ṣe tèmi kí n rí i."

Ọwọ́ Ayékòótọ́ dúró nínú ìyẹ̀fun. Ó ní òun ò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́. Irọ́ ni, ó sì jọ pé ìyá náà mọ̀, nítorí ó rọra fọwọ́ kan án léjìká, ó ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, ebi á ti máa pa àwọn tó kù.