Àlàfo Inú Ìwé

"N kò wá bẹ̀ yín, sà," ni bíríkìlà náà wí. Ó to ìwé mẹ́rin sórí tábìlì olùkọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti bó nu ẹ̀yìn èyí tó wà lókè. "Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ọmọ mi, ṣé ó ń wá sí kíláàsì yín ni, àbí kò wá?"

Olùkọ́ kò wo ìwé náà. Rẹ́jísítà ló ṣí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀ẹ̀kan, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń pe orúkọ. Bí kíláàsì bá ti fẹ́ parí, á tẹrí ba sórí rẹ́jísítà, á máa ka orúkọ lọ. Ẹni tí kò bá dáhùn, kò wá nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìgúnpá gún ẹnìkejì pé wọ́n ń pè é, àwọn méjèèjì ni kò wá.

"Ìgbà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo pè é," ni olùkọ́ wí. "Ìgbà méjì ló dáhùn. Òfin kò gba irú wọn láyè láti ṣe ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kejì tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí i sì rèé. Ìdí tí wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nìyẹn."

Bíríkìlà mi orí. "Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi náà nìyẹn. Mo sì gbà wọ́n gbọ́, sà. Mo pe ọmọ mi ní òpùrọ́. Mo ní ìgboro ló ń rìn kiri. Mo ní kó má fojú kàn mí títí tí yóò fi sọ òótọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀. Ibi tí mo ti ń gbá yàrá rẹ̀ ni mo ti rí ìwé wọ̀nyí. Ìwé mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ péré ni mo kà, n kò mọ ìṣirò yín. Ṣùgbọ́n mo mọ déètì."

Olùkọ́ ṣí ìwé tó wà lókè. Déètì wà lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kò sí ọjọ́ kíláàsì kan tí ó fò. Iṣẹ́ orí pátákó wà níbẹ̀ láìkù síbì kan, ó gún bí ògiri tí wọ́n ta okùn sí. Àlàyé ni kò pé. Gbólóhùn á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á gé láàárín, àlàfo ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin á tẹ̀ lé e. Nínú àlàfo kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wínníwínní pé: Olùkọ́ kọjú sí pátákó.

"Kí ni èyí?"

"Etí rẹ̀ ni, sà. Àìsàn yírùnyírùn ló di í nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹnu èèyàn ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní òun sọ fún yín."

"Kò sọ fún mi."

"Ó ní òun kọ lẹ́tà."

Ọwọ́ olùkọ́ dúró sórí ìwé. Ta ni kì í kọ lẹ́tà nínú wọn? Ìyá àgbà ẹlòmíràn á kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Nítorí náà ló ṣe ń jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ láìtú wọn, kí àánú má baà ba òfin jẹ́. Òfin kan náà fún ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ mẹ̀kúnnù. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Ó fa dúrọ́ọ̀ náà, ó wá a títí ó fi rí i. Ó tú u.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi ni mo máa ń jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Etí mi kò gbọ́ràn. N kò tọrọ máàkì. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa rí ẹnu yín. Bí ẹ bá fẹ́ pe orúkọ, ẹ bá mi gbé orí sókè."

Ó rántí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi ìgúnpá gún lọ́jọ́ kan, tó wò yí ká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ti fi báírò pupa fa igi lé orúkọ rẹ̀ àti ti ẹni tó gún un.

Ìyàwó olùkọ́ ti lo oṣù márùn-ún nínú ilẹ̀. Ní ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, etí obìnrin náà di pátápátá. Láràárọ̀, olùkọ́ á gbé àga ara rẹ̀ kọjú sí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sí òun lẹ́nu, á fọwọ́ kan ìyàwó rẹ̀ léjìká kó tó sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí i kó tó máa ṣe é. Lẹ́yìn náà, á gbé báàgì rẹ̀, á wá sí kíláàsì, á kẹ̀yìn sí ọmọ ọlọ́mọ.

"Ó wá," ni ó wí. "Kò pa ẹyọ ọjọ́ kan jẹ. Èmi ni n kò rí i."

Bíríkìlà jókòó, bí wọn ò tilẹ̀ fi àga lọ̀ ọ́. "Òpùrọ́ ni mo pè é, sà," ni ó wí. "Ojú mi ló ń wò nígbà tí mo ń sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́."

Wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka, obìnrin kan tí olùkọ́ ti kọ́ nígbà kan rí. Olùkọ́ béèrè bébà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àṣìṣe òun ni, kí wọ́n dá orúkọ ọmọ náà padà. Olórí ẹ̀ka kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"N kò mọ̀ pé n ó rí irú bébà yìí láti ọwọ́ yín, sà. Ẹ fa igi lé orúkọ èmi náà rí, nígbà tí mo lóyún, tí mo sáré jáde lọ bì."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni ká sọ fún? Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń pè wá." Ó bu ọwọ́ lu bébà náà. "Ìka ò dọ́gba, sà. Òrùka kan náà lẹ sì ń fi wọ gbogbo wọn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí sáà tuntun wọlé, bíríkìlà dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ti kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ pé wọ́n ti dá orúkọ rẹ̀ padà, èsì ọmọ náà sì ti dé. Olùkọ́ gbà á, ó kà á.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́. Mo ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ọ̀gá mi níbí máa ń dúró kí n wo òun kó tó sọ̀rọ̀. N kò ní padà sí yunifásítì mọ́. Bàbá mi, inú kò bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ní kí n wálé."

"Ó ní inú kò bí òun," ni bíríkìlà wí.

"Mo rí i."

"Ó sàn kí inú bí i, sà."

Olùkọ́ dá fóònù padà fún un, ó wọlé. Ó rìn kọjá pátákó, ó lọ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti lè bọ́ sí i lẹ́nu, ó ṣí rẹ́jísítà.

"Bí mo bá pe orúkọ, n ó gbé orí sókè," ni ó wí. "Ẹni tí mo bá pè, kó na ọwọ́."

Ó ń pè wọ́n, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé orúkọ ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kọ padà. Ó pè é. Kò sẹ́ni tó wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń retí kó fa báírò pupa yọ, kó pa rẹ́jísítà dé.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì.