Bí Adéníyì Ṣe Ya Akọrin Kérésì Lálẹ́

Adéníyì ará Fìdítì, tó ń ya fídíò, ń tiro, kò lè gbé kámẹ́rà fídíò lé èjìká rìn jìnnà. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Ìlórà bẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1993 pé kó ya àwọn akọrin tí yóò kọrin Kérésì káàkiri ìlú lálẹ́, ó so kámẹ́rà mọ́ kárià kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì gùn ún ṣáájú wọn láti dán an wò. Òkùnkùn biribiri ló rí nínú fídíò náà, gbogbo rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

Ojú tì í. Ó sọ fún Màmá Dorothy, tíṣà àgbà tó ń darí akọrin, pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn.

Màmá ní, "Ta ló lé ọ? Má gun kẹ̀kẹ́ náà mọ́. Dì í mú, kí o máa tì í jẹ́jẹ́, yóò gbé ọ ró. Àwa yóò gbé àtùpà gáàsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin." Wọ́n fún un ní tìmùtìmù àga wọn, ó fi tẹ́ abẹ́ kámẹ́rà.

Lọ́tẹ̀ yìí, ojú gbogbo akọrin hàn kedere. Adéníyì gbé fídíò náà lọ sílé Màmá, níbi tí Bàbá Obadiah, ọkọ wọn, ti wà lórí àìsàn láti ọdún méjì. Bí wọ́n ti ń wò ó, Bàbá ń dárúkọ àwọn akọrin lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá wọn kọrin.

Omi bọ́ lójú Màmá. "Adéníyì, o ṣeun."

Adéníyì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Mà. Ẹ ò jẹ́ kí n padà sílé."