Sẹ́ẹ̀lì Selwyn

"Ẹ má wulẹ̀ fi ohunkóhun hàn mí!" ni Selwyn Ogden wí, bó ṣe ń wọ aṣọ funfun láàbù bí ẹni tó ń gorí ìtẹ́. "Àlùbọ́sà tẹ́ ẹ fẹ́ ká gé yìí, mo ti gé e nígbà ọgọ́rùn-ún lórí kọ̀ǹpútà nílé. Máàkì méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni mo gbà!"

Beryl Tranter, ìyá àgbà tó ń tọ́jú láàbù, fàmì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Ọdún mẹ́fà ni Selwyn ti ń kàwé nípa ohun abẹ̀mí lórí tábìlì ìdáná rẹ̀ ní Wigan. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni yunifásítì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé látilé wá fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá yege, kò sóyè. Kí Selwyn tó kúrò nílé, ó ti kan àwo idẹ mọ́ ilẹ̀kùn: SELWYN OGDEN, ONÍMỌ̀ OHUN ABẸ̀MÍ. Gbogbo àdúgbò ló ti kà á. Ta ló fẹ́ yọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójú ayé?

Ó gé awọ àlùbọ́sà, ó kán omi, ó gbé gíláàsì lé e, ó fojú sí maikirosikópù. Bàìbàì. Ni ọ̀mọ̀wé wa láti Wigan bá fìka méjì lé ojú ẹ̀rọ náà, ó ń yà wọ́n síra bí ẹni tó fẹ́ kí àwòrán orí fóònù tóbi sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni?" ni Denise, agẹrun kan tó wá kọ́ṣẹ́ bíi tirẹ̀, tó jókòó tì í, bi í. "Kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ máa yí."

"Mo mọ̀! Mò ń kí i ná ni."

Ó yí kókó. Lójijì, òrùka dúdú kan yọ, ó rí roboto.

"Sẹ́ẹ̀lì rèé! Ẹ wá wò ó kẹ́ ẹ tó kú!"

Ó yà á sínú ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ yòókù, tí wọn ò tíì rí nǹkan kan, tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dà á kọ bí ewúrẹ́ tó ń tẹ̀ lé ara wọn wọ oko olóko. Denise tiẹ̀ fi pẹ́ńsùlù pupa ṣe tiẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Dókítà Cressida Howlett, olùkọ́ wọn, gbé ìwé Selwyn. "Kí nìyí?"

"Sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà ni, Dókítà."

"Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ gíláàsì ni. Àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ dà?"

Wọ́n wá a. Ó lẹ̀ mọ́ apá aṣọ Selwyn bí àmì ẹ̀yẹ.

"Ẹ̀yin mẹ́sàn-án, afẹ́fẹ́ kan náà! Fídíò lẹ wò, ẹ ò kọ́ṣẹ́. Mi ò ní fọwọ́ síwèé ẹnikẹ́ni!"

Ọkàn Selwyn sáré lọ bá àwo idẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, ẹ fọwọ́ yín ṣe é ká rí i."

"Ẹ lajú yín!" Ó bó awọ àlùbọ́sà, ó kán omi sí i, ó gbé gíláàsì pẹlẹbẹ lé e: pàì! "Ẹ wò ó."

Selwyn wò ó títí.

"Dókítà, ẹ̀yin náà ti rí sẹ́ẹ̀lì mi."

Ẹ̀rín sọ. Dókítà ní omi ni ò dáa, gíláàsì ni ò mọ́. "Ẹ wo sẹ́ẹ̀lì àlùbọ́sà tó wà lórí tábìlì mi, èyí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe láàárọ̀ yìí!"

Beryl nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ.

"Ìyẹn? Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn." Ó ṣí ìwé orúkọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn tó fìdí rẹmi, ṣé mẹ́sàn-án ni kí n kọ, àbí mẹ́wàá?"