Ife Omi Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, omi ni Fèyíkẹ́ ń bù sínú ife ní ṣọ́ọ̀bù ọtí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kkí Phase 1. Fóònù rẹ̀ dún. Màmá Àníọlá ni, ìyàwó Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé, láti Eleko.

"Fèyíkẹ́, ọ̀gá rẹ ti lọ."

"Lọ síbo, Mà?"

Màmá bú sẹ́kún. Ìgbà náà ló tó yé e. Omi ti kún ife, ó ń ṣàn sórí tábìlì, Fèyíkẹ́ kò sì rántí gbé ọwọ́ kúrò.

Ọ̀gá Ògúnbọ̀dé ló kọ́ ọ níṣẹ́. Iṣẹ́ títọ́ ọtí wò ni, pàápàá tẹ̀kílà, ọtí líle òkè òkun, èyí tó ti pẹ́ nínú àgbá onígi títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí oyin. Àwọn ẹbí Fèyíkẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ilé ìwé míṣọ́ọ̀nù ló wá sọ ọtí di iṣẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́ ọtí wò kì í gbé e mì. Yóò gbé ife sójú ìmọ́lẹ̀ wo àwọ̀ rẹ̀, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò fi díẹ̀ yọ ẹnu, yóò tu ú sínú korobá, lẹ́yìn náà ni yóò sọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ bá wí. Ṣùgbọ́n kó tó kan ọtí rárá, Ọ̀gá á ní, "Kọ́kọ́ bi omi léèrè, mu ún wò. Bí omi bá yàtọ̀ lẹ́nu rẹ, gbé ife sílẹ̀, kí o máa lọ sílé."

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gá ì bá ṣe olórí àwọn tí yóò tọ́ tẹ̀kílà wò fún Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé, ẹni tó ń kó ọtí wọ̀lú. Akínbọ̀dé fẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀kílà náà, kí ó fi orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí i lára. Ó pe Fèyíkẹ́.

"Bàbá Ògúnbọ̀dé ti sọ fún mi tipẹ́ pé lẹ́yìn àwọn, ìwọ ló kàn. Àmọ́ ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yìí wà lókè òkun tí mo lè pè. Bí Ọjọ́bọ̀ bá dára, àga Bàbá di tìrẹ. Bí kò bá dára, má bínú sí mi."

Láti ìgbà náà, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu Fèyíkẹ́ mọ́. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá ikú tó mú Ọ̀gá ti mú ahọ́n òun náà lọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ sí Eleko. Màmá Àníọlá jókòó sórí ẹní lẹ́yìn ilé, ó kọjú sí òkun. Fèyíkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Mà. Ọlọ́run á tù yín nínú."

"Àmín. O ò tíì jẹun."

"Mo ti jẹun, Mà."

"Irọ́ ò yẹ ọ́. Wo ọrùn rẹ." Màmá tú etí ìró, ó mú obì jáde. "Gbà, fi panu. Ọ̀gá rẹ kì í jẹ́ kí obì wọlé tó bá ti ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ló kù tí yóò bá mi jà?"

Fèyíkẹ́ kò béèrè ìdí. Ọwọ́ opó ló nà sí i, báwo ni yóò ṣe ní òun ò gbà? Nígbà tó dìde, Màmá gbé ife tánńganran kan fún un, èyí tí etí rẹ̀ ti họ.

"Ife tí ọ̀gá rẹ fi ń mu omi níbi iṣẹ́ rèé. Ó ní tìẹ ni."

Ọkọ̀ ń rá pálá ní Ajah. Fèyíkẹ́ di ife náà mú lórí itan, ó ń ronú ẹni òkè òkun yẹn, kò sì mọ̀ pé òun ń gé obì jẹ ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa yà sí Igbó Ẹfọ̀n, obì ti tán.

Ní ilé iṣẹ́ Akínbọ̀dé, wọ́n ti to àwọn ife sórí aṣọ funfun. Samson, tí yóò bá a tọ́ tẹ̀kílà wò, rí bó ṣe sáré wọlé.

"Àǹtí, ẹ̀ ń sáré! Ṣé òùngbẹ ọtí ló ń gbẹ yín ni?"

"Samson, jẹ́ n gbọ́ràn."

Ìkánjú kò jẹ́ kó rántí omi. Ó gbé ife kìíní, ó gbóòórùn ànàmọ́ tí wọ́n sun, ó gbóòórùn pákó. Ó fi yọ ẹnu. "Ó dùn jù. Ó dà bíi pé wọ́n fi ṣúgà sí i."

"Ṣúgà kẹ̀?" Samson ya ẹnu. "Èyí tó ń ta mí lọ́fun bí ata yìí?"

Akínbọ̀dé gbójú sókè. Fèyíkẹ́ gbé ife kejì. Ó dùn. Ó gbé ẹ̀kẹta. Òun náà dùn. Ahọ́n ti lọ lóòótọ́, ló wí nínú ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú báàgì, ó mú ife tánńganran jáde, ó bu omi sí i, ó mu ún.

Omi náà dùn bí oyin.

Ó fi ahọ́n kan eyín rẹ̀, ó sì bá èérún obì níbẹ̀. Ta ni kò ṣe é rí lọ́mọdé, kí èèyàn jẹ obì, kó mu omi lé e, kí omi sì dùn? Ìdí tí Ọ̀gá kì í fi jẹ́ kó wọlé nìyẹn!

Ó lè dákẹ́. Ohun tí Samson bá sọ, kí òun náà gbè é. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ẹ pa gbogbo ohun tí mo wí rẹ́. Mo jẹ obì wá síbí láti Eleko. Mi ò sì kọ́kọ́ bi omi léèrè."

Samson bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé obì la gbé sórí àga Bàbá!"

Akínbọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀la ni ẹni òkè òkun ń retí ìpè mi."

"Mo mọ̀, Sà. Bí ẹ bá lè dúró dè mí di àárọ̀ ọ̀la, màá wá. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ pè é. Ṣùgbọ́n ẹ má lo ti òní."

Akínbọ̀dé ń wo ife tánńganran.

"Ṣé ti Bàbá nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà."

"Bàbá lé mi jáde níbí rí, torí ata tí mo jẹ lọ́sàn-án. Èmi tí mo ni ilé!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó wà nínú àwọn ife nù. "Láàárọ̀ ọ̀la. Pẹ̀lú ikùn òfìfo."

"Kí ẹ má gba Eleko kọjá o!" Samson wí.

Lọ́jọ́ kejì, Fèyíkẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Kò tíì mọ̀ bóyá àga yẹn yóò di tirẹ̀, kò sì jókòó sórí rẹ̀. Ó gbé ife tánńganran síwájú àga náà, níbi tí Ọ̀gá máa ń gbé e sí, ó bu omi kún un. Lẹ́yìn náà ló gbé e, ó mu ẹnu kan.

Omi lásán ni. Ó rọra gbé ife náà padà sí àyè rẹ̀.