Ajá Inú Ọgbà Àgbò

Téèpù kì í purọ́. Àlájà Sìkírátù ti sọ ọ́ títí ó ti sú gbogbo Ìyànà Ìyẹ́sí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ránṣọ níbẹ̀, láti ìgbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ títí di ìgbà tí yunifásítì dé, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì ń hù bí olú lẹ́yìn òjò. Bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń pọ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin ń pọ̀, akọrin ò sì lè kọrin níhòòhò. Bí obìnrin Mùsùlùmí tó ti dé Mẹ́kà ṣe di ẹni tó ń rán ẹ̀wù akọrin fún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì ojú ọ̀nà Ìdìrókò nìyẹn. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ ra ẹ̀wù níbòmíì, kó wá wò ó bóyá apá méjèèjì á gùn dọ́gba.

Inú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ló ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ Tamílọ́rẹ. Akọrin ni Tamílọ́rẹ, ìyàwó Díkónì Ephraim tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan. Ọkùnrin náà mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí Àlájà níwájú ṣọ́ọ̀bù, débi tí àwọn aládùúgbò fi ń sọ pé àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Lọ́dún àkọ́kọ́, àyà ìyàwó rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjìdínlógójì. Lọ́dún kejì, mẹ́rìndínlógójì. Lọ́dún kẹta, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí ara ṣe ń dín, bẹ́ẹ̀ ló ń ní kí Àlájà fi kún apá ẹ̀wù, títí apá ẹ̀wù fi bo ọrùn ọwọ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí Àlájà wá ní kó gbé apá òsì sókè kí òun wọn abẹ́ rẹ̀, apá náà ò dé èjìká tó fi kọ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ lápá?"

"Mo ṣubú ni, mà."

"O ṣubú." Àlájà ká téèpù kọ́ ọrùn ara rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta lo fi ń ṣubú?"

Tamílọ́rẹ wo ìta, níbi tó so ajá rẹ̀ mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù, ajá pupa kan báyìí tí etí rẹ̀ kan ti fàya. Ibikíbi tó bá ń lọ lajá yẹn ń bá a lọ. Ẹ̀yìnlàárò lorúkọ tó sọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà wa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí kò bá lè bá ọ̀tá rẹ̀ wí lójúkojú a fi ọ̀rọ̀ náà sọ ajá lórúkọ, a sì máa pè é láàárọ̀ lálẹ́ kí etí tó yẹ kó gbọ́ lè gbọ́. Díkónì gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi kórìíra ajá náà.

Ọ̀rọ̀ ajá yẹn ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Tamílọ́rẹ, ìyókù sì tẹ̀ lé e. Ó ní ilé kan wà l'Ábẹ́òkúta tí àwọn obìnrin kan dá sílẹ̀ fún irú òun, àyè ti ṣí sílẹ̀ fún òun níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò gba ẹranko. Ìgbà tí òun kọ́kọ́ sá lọ sílé ìyá òun, Ephraim pa ológbò òun, ó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù òun. Ìgbà kejì, ó fi àwòrán ajá ránṣẹ́ pẹ̀lú okùn lọ́rùn. Òun ò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí òun tó padà.

"Nítorí ajá, Tamílọ́rẹ?" Àlájà ò mọ ìgbà tó pariwo. "Ajá lásánlàsàn?"

"Mà, òun nìkan ló máa ń kó sí wa láàárín tí ọkọ mi bá gbé ọwọ́ sókè. Ẹ wo etí rẹ̀."

Àlájà wo etí náà. Ojú tì í. Gbogbo wa la ti jókòó sí Ìyànà Ìyẹ́sí tí à ń gba ìdọ̀bálẹ̀ Díkónì, ajá ló wá ń ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe. Ẹ̀rù ajá sì ń ba Àlájà o, kẹ́ni má tàn yín. Ọ̀kan ti bù ú jẹ nítan ní kékeré l'Ádó-Odò, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti yá ju orí rẹ̀ lọ.

"Mú un wá sọ́dọ̀ mi."

Ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń kọ́ orin ni Tamílọ́rẹ fi ọ̀rọ̀ ìlọ náà sí. Ó kúrò nílé pẹ̀lú ìwé orin àti báàgì ọwọ́ kan ṣoṣo. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó fi okùn ajá lé Àlájà lọ́wọ́, ó sì ka òfin ajá náà fún un: ó ń jẹ ẹ̀bà, kì í jẹ ìrẹsì, ẹ má fi ìgbálẹ̀ hàn án, ẹ má gbé ọwọ́ sókè lójijì. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, ó fi orí kan orí ajá, ó sì lọ wọ ọkọ̀. Kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀yìn ilé Àlájà ni ọgbà àgbò wà. Àgbò Iléyá mẹ́ta ló ń sìn níbẹ̀, àárín wọn ló sì fi ajá sí. Ta ló máa wá ajá dé ọgbà àgbò Àlájà? Ọjọ́ kejì ló bọ́ téèpù lọ́rùn kó lè fi wọn pákó tó fẹ́ fi dí ọgbà, ni ajá bá wólẹ̀ gbìì, ó tọ̀ sára. Àlájà dúró tòun ti téèpù lọ́wọ́. Ìgbà tó yé e pé bẹ́líìtì ni ajá rò pé ó jẹ́, ó jókòó sórí àpótí koríko, ó sì sunkún. Láti ọjọ́ náà, inú dúrọ́ọ̀ ni téèpù ń wà tó bá ti fẹ́ lọ sí ọgbà.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bí nínú jù ni Àfáà Àmọ̀dá, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Òun ló ń ṣe lèmọ́mù mọ́sálásí kékeré inú agbo ilé wọn, níbi tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn oníṣòwò àdúgbò ti ń kírun.

"Ìyá Afeezat! Ajá! Ibi tí a ti ń kírun! Màláíkà kan ò ní wọ ibí mọ́ o."

"Àfáà, ẹ̀yìnkùlé lajá wà. Màláíkà tó bá ń bọ̀, kó gba ojúlé wọlé."

Àfáà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ọgbà àgbò dé mọ́sálásí, ó bá ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlá, ó ní kò tó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń kí Àlájà bí ẹni tí eyín ń dùn. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ohun tó bá tọ́ ló tọ́. Ó ní aago kan tó rà ní Mẹ́kà, ó sì ti di ogún ọdún tó ti ń fi aago náà pe ìrun, kò tíì yá ju àkókò lọ rí, kò sì tíì pẹ́. Àwọn mìíràn ń fi ìpè rẹ̀ ṣe aago tiwọn.

Àṣìṣe tó fẹ́ pa wọ́n wá jẹ́ ti aránṣọ. Okùn ti ń bó ajá lọ́rùn, àánú sì ṣe Àlájà. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó mú àjákù aṣọ tó wà níbẹ̀, ó fi rán ọ̀já ọrùn fún un, ó tilẹ̀ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà gbá a létí, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń rán nǹkan tí kò dára. Ẹ̀wù akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Díkónì ni aṣọ náà. Àrán aláwọ̀ ọtí wáìnì, kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Ọ̀tà. Akọrin kan tó wá gba ẹ̀wù rẹ̀ rí ajá nígbà tí Àlájà ń bu omi fún un, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Àlájà, ajá yín náà ti di akọrin!" Ọ̀rọ̀ tó dùn kì í pẹ́ lẹ́nu ẹni. Lọ́jọ́ kẹta, Díkónì Ephraim dé.

Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun wá kó ẹ̀wù tó kù. Ó ní ìyàwó òun ti sá lọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara rẹ̀ ò yá, ààwẹ̀ lòun ń gbà.

"Ajá rẹ̀ ni mò ń wá, mà. Mo mọ ìyàwó mi. Tí ajá bá wà lọ́wọ́ mi, yóò padà fúnra rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní ajá kan wà níbí tó wọ aṣọ wa."

Àlájà ń ká ẹ̀wù wọn lọ. "Díkónì, ẹ ti rí ilé Àlájà tí wọ́n ti ń sin ajá rí?"

"Ohun témi náà sọ fún wọn nìyẹn. Ẹ kàn fi Kùránì búra fún mi, mà, màá sì máa lọ."

Yéè! Àlájà ti ṣe tawáàfù yí Káàbà po nígbà méje, ó ti sunkún níbẹ̀, ó ti bẹ Ọlọ́run pé kó gba ahọ́n òun lọ́wọ́ irọ́. Tó bá sì sọ òótọ́, ó ti ta Tamílọ́rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Díkónì ò tilẹ̀ dúró gbọ́ èsì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, Àlájà tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ajá.

"Ẹ̀yìnlàárò! Ẹ̀yìnlàárò o!"

Ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè é, kò sì gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ajá ò gbó. Ohun kan tín-ín-rín ló jáde láti inú ọgbà, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi ọwọ́ bo ẹnu sunkún. Díkónì dúró, ó na etí. Àfáà Àmọ̀dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ó wo Àlájà. Ó wo Díkónì. Ó wo aago Mẹ́kà lára ògiri. Ó dìde, ó ti ìka bọ etí méjèèjì, ó sì pe ìrun Aláásárì ní ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn tó bo ajá, tó bo àgbò, tó bo ọkọ̀ ojú títì.

Kíákíá ni wọ́n dé. Mẹkáníìkì, fọkanáísà, àwọn tó ń ta búlọ́ọ̀kù, gbogbo wọn ń sáré ṣe àlùwàlá, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ń kùn. Àfáà ò kó wọn sínú mọ́sálásí. Ó ní inú ilé gbóná, ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní síta, ẹnu ọgbà àgbò gan-an ló sì ní kí wọ́n to ẹsẹ̀ sí. Díkónì fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Mẹkáníìkì kan rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà, àbí kẹ́ ẹ dúró lọ́hùn-ún." Gbogbo ojú yí sí i. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń yìn kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun da ìrun àwọn èèyàn rú. "Ẹ má bínú, ẹ má bínú," ló ń sọ títí tó fi fi ẹ̀yìn rìn dé ìta. Ó kó ẹ̀wù sínú mọ́tò, ó jókòó sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ọgbà. Nígbà tó yá, ó lọ.

Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àfáà, aago mi ní ó ku ogún ìṣẹ́jú o."

"Mo mọ̀."

"Bóyá aago yín ti—"

"Mo ní mo mọ̀. Ẹ jókòó."

Wọ́n jókòó sórí ẹní, ogún ọkùnrin gbáko. Nígbà tí àkókò pé, Àfáà dìde, ó tún ìrun pè bó ṣe yẹ, ó sì kí i fún wọn. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ tán, ó wá síwájú ọgbà, ó dúró níbi tí ajá ò ti lè fi imú kàn án.

"Ìyá Afeezat, ẹ tú aṣọ yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkùnrin yẹn pa wá ni?" Ó wo ajá náà. "Kí ló ń jẹ gan-an?"

Wọn ò sọ̀rọ̀ ìpè ọjọ́ náà mọ́. Àlájà máa ń bi ara rẹ̀ léèrè nígbà mìíràn bóyá òun ì bá ti búra. Kò mọ̀. Kò sì fẹ́ mọ̀.

Iléyá dé, wọ́n pa àgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wá ku ajá nìkan nínú ọgbà. Àfáà ló ń gbé ẹ̀bà wá, ó ń fi igi ti àwo sí i. Ní oṣù kẹrin tí ajá ti dé, láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeé kan, Tamílọ́rẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gba yàrá kan l'Ádó-Odò, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, kóòtù sì ti kìlọ̀ fún Ephraim pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Kò tíì parí "ẹ káàárọ̀, mà" tí ajá fi fo ọgbà, ó da búùtà àlùwàlá Àfáà nù, ó gba àárín ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá, ó fò mọ́ Tamílọ́rẹ, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀. Àfáà wo omi tó dànù. "Kò burú," ló wí, ó sì lọ pọn òmíràn.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Àlájà ṣí dúrọ́ọ̀, ó rọra fa téèpù jáde. Ajá gbé orí sókè, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ló gbé orí rẹ̀ padà lé ẹsẹ̀ Tamílọ́rẹ.

"Dìde, jẹ́ kí n wọ̀n ọ́. Ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́ rán eléyìí."

Àyà, ínṣì mẹ́tàdínlógójì. Àlájà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì jẹ́ mẹ́tàdínlógójì.

"Gbé apá sókè."

Tamílọ́rẹ gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lọ sókè títí ìka rẹ̀ fi kan abẹ́ fáànù.

"Apá ẹ̀wù ńkọ́? Ibo ni kí n gbé e dé?"

"Apá kúkúrú ni mo fẹ́, mà."

Àlájà mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé.