Táyà Bàbá Méjì

Ọkọ̀ tí Bọ̀ọ̀dá mi, Ọládipọ̀, rà lọ́wọ́ òyìnbó iléeṣẹ́ epo kan tó ń padà sílùú rẹ̀ kò ní òrùlé. Àga méjì péré ló ní, ó sì kúrú débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀, bíi pé ó jókòó sórí ẹní ni. Ó tún fúyẹ́. Nígbà tó há sẹ́nu ọ̀nà wa, èmi àti ìyá wa la gbé ìdí rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sórí títì, ó ń já ṣòòrò bí àṣá tó rí òròmọdìẹ.

Kò sí ohun tó ṣe é àfi táyà. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jẹ tán, wọ́n ń dán bí orí apárí.

Àsìkò yẹn gan-an ni Bọ̀ọ̀dá fẹ́ fẹ́ Àtinúkẹ́, ọmọ Pápá Adéyanjú tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Pápá wo táyà, ó wo Bọ̀ọ̀dá.

"Ṣé inú èyí ni ọmọ mi yóò máa jókòó sí? Lọ pààrọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi fúnra mi ni wàá kọ́kọ́ gbé, dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Rumuodara. Bí a bá débẹ̀ tí fìlà mi ṣì wà lórí, kí àwọn èèyàn rẹ wá mọ̀ wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, má yọjú sílé mi mọ́."

Ìyá wa gbọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ti di ti àgbà nìyẹn. Àjò la wà, a ò ní mọ̀lẹ́bí nítòsí. Bàbá Múrítàlá àti Bàbá Àríyọ̀ tí a jọ ń gbé nínú ọgbà kan náà ni bàbá wa. Àwọn náà ni yóò bá wa tọrọ ìyàwó. A pè wọ́n sí pálọ̀.

Bàbá Múrítàlá ń wa ọkọ̀ agbégẹdú. Ó ní, "Táyà tó nípọn ni! Èyí tí ojú rẹ̀ rí bí ebè iṣu. Ṣé ẹ ò rí ẹrẹ̀ ọ̀nà Mgbuoba ni? Ẹrẹ̀ tó ń dá ọkọ̀ gẹdú dúró, ṣé ọkọ̀ tó rí bíi sálúbàtà yìí ni yóò fojú fò?"

Bàbá Àríyọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé, rẹ́rìn-ín. "Múrí, ìwọ àti ẹrẹ̀ rẹ. Ṣé o ti rí reluwé tó wọ bàtà ebè rí? Orí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń rìn, ó sì ń kó gbogbo ayé dé Kàdúná. Ohun tó fúyẹ́, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ ẹ́."

"Ta ló máa tẹ́ irin sílẹ̀ fún un dé Rumuodara? Ìwọ?"

Kí ìjà má baà dé, Bọ̀ọ̀dá ní tàwọn méjèèjì lòun máa rà: méjì tó nípọn, méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́. "Kí ti Bàbá Múrítàlá wà níwájú, kí ti Bàbá Àríyọ̀ wà lẹ́yìn."

Bàbá Àríyọ̀ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Lẹ́yìn ta ni? Lọ́jọ́ tí wọ́n ń sọ Múrí lórúkọ, mo ti tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ pọnmi!"

Ìyá wa sáré dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Àríyọ̀, ẹ mú apá ọ̀tún. Kí Bàbá Múrítàlá mú apá òsì."

"Òsì kẹ̀?" ni Bàbá Múrítàlá wí. "Ṣé ọwọ́ òsì ni mo fi ń jẹun ni?"

Bọ̀ọ̀dá bá mú ẹfun, ó ya ọkọ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fún Bàbá Àríyọ̀ ní ọ̀tún iwájú àti òsì ẹ̀yìn. Ó fún Bàbá Múrítàlá ní òsì iwájú àti ọ̀tún ẹ̀yìn. Àwọn àgbà tẹjú mọ́ ọn títí. Olúkúlùkù ní iwájú, olúkúlùkù ní ọ̀tún. Ẹnì kan ò ju ẹnì kan lọ.

"Ẹ ò rí ọgbọ́n orí ọmọ mi!" ni ìyá wa ń wí.

Èmi ni mo bá Bọ̀ọ̀dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Boma, obìnrin tó ń ta táyà nítòsí ọjà Creek Road. Boma gbọ́ ohun tí a fẹ́, ó di etí mú.

"Oga, wetin be dis? Dis moto go dance o!"

"Madam, na so my papa dem talk," ni Bọ̀ọ̀dá dáhùn.

"How many papa you get?"

"Na two."

Boma mi orí, ó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ òun de táyà náà mọ́ ọkọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹnu Pápá fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ náà ń mì bí àpótí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Pápá ń mi orí lókè lódò bí alángbá, àwọn ará ojú ọ̀nà sì rò pé àwọn ló ń kí, ni wọ́n bá ń kí i padà. Ó dé ibì kan, àgùntàn já sọ́nà, Bọ̀ọ̀dá tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ yí po, ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Fìlà Pápá di inú oko ẹ̀gẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọgbà wa, ọwọ́ ni Pápá fi mú fìlà.

"Ta ló yan táyà wọ̀nyí?"

Bàbá Múrítàlá gbójú sókè bíi pé òjò fẹ́ rọ̀. Bàbá Àríyọ̀ ń nu gíláàsì. Bọ̀ọ̀dá dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni, sà."

"Irọ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo kì í ya wèrè oríṣi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ ò lè sọ fún àgbà pé rárá ni. Bí ọmọ mi bá délé rẹ, tí ẹnì kan ní kó sùn ní yàrá, tí ẹlòmíràn ní kó sùn ní ilé ìdáná, ojú ọ̀nà ni wàá tẹ́ ẹ sí! Fúnra rẹ ni kó o yan táyà. Mò ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló kù fún ọ."

Bọ̀ọ̀dá ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn bàbá méjèèjì.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má bínú. Oríṣi kan náà ni màá fi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe ti Bàbá Múrítàlá, kì í ṣe ti Bàbá Àríyọ̀. Èmi ni màá yàn án."

Bàbá Àríyọ̀ yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀.

"Múrí," ni Bàbá Àríyọ̀ wí, "ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n." A ò gbọ́ ọ kó pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ọmọ ayé òde òní."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, tí wọ́n ń bú Bọ̀ọ̀dá pa pọ̀.

Lọ́dọ̀ Boma, Bọ̀ọ̀dá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wojú mi. Mo wolẹ̀. Ó wojú Boma, Boma ń wo òkè. Ó wá mú èyí tí ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, tí ìlà wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀ tí omi òjò á lè máa gbà jáde, ó sì ní kí wọ́n má fẹ́ atẹ́gùn sí i jù, torí ọkọ̀ náà kò wúwo.

Lọ́jọ́ Àìkú, Pápá lọ sí Rumuodara, ó bọ̀, fìlà rẹ̀ wà lórí gbágbáágbá.

"Mo tiẹ̀ sùn lọ díẹ̀," ló wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo táyà yíká. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó yẹ kí ti ẹ̀yìn tóbi ju báyìí lọ. Mo ti rí i lára mọ́tò òyìnbó kan. Lọ pààrọ̀ ti ẹ̀yìn."

Ìyá wa ń ṣẹ́jú sí Bọ̀ọ̀dá pé kó sáré gbà. Bọ̀ọ̀dá na ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyẹ̀pẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní pààrọ̀ ìkankan."

Ìyá wa káwọ́ lérí.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, sà."

Pápá yíjú sí bẹ́ńṣì. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

"A ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ Ajé," ni Bàbá Àríyọ̀ dáhùn. "Bó ṣe máa ń wí nìyẹn báyìí. Kò ṣe é bá sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Pápá wí. "Ẹ máa mú un bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kẹ́ ẹ wá mọ̀ wá. Ìwọ, dìde nílẹ̀, o ti ba aṣọ rẹ jẹ́."