Ibi Tí Àlàájà Àṣàkẹ́ Ti Ń Jó

Ogún ọdún gbáko ni Mujeebat fi jókòó lẹ́yìn kọ́tìnì, tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí ìyá rẹ̀ létí. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Àṣàkẹ́, ló dá ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò Bẹyẹrúnkà sílẹ̀, òun ló sì ń ṣe ìyá ọkọ nínú eré tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún lójúde agboolé wọn. Obìnrin náà kì í rìn lásán. Bó bá ń lọ ra ata l'Ọ́jà'ba, ijó ni. Bó bá ń gun òkè Mápó, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun á dúró láàárín ọ̀nà, á gbé ẹsẹ̀ ijó méjì mẹ́ta, àwọn ọlọ́kadà á sì máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń gbè é lórin.

Àléébù kan ṣoṣo ló ní, Mujeebat nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Àlàájà máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́dọọdún. Ìyá ọkọ tó ti da ilé ọmọ rẹ̀ rú á wá kanlẹ̀kùn, ìyàwó á bi í pé, "Kí lẹ wá ṣe, Màmá?" Èsì rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: "Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni." Àlàájà á yanu, ọ̀rọ̀ ò ní jáde. Mujeebat á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ. Pàbó ni. Ṣe ni Àlàájà máa bẹ́ sí ijó. Èrò á dìde, àwọn ìyá àgbà á máa ju gèlè sókè, ìyàwó tó ń bínú á rẹ́rìn-ín títí, á sì dárí jì í láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀bẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé bí eré náà ṣe rí nìyẹn. Mujeebat ò tú àṣírí. Ta ló máa fi ìyá rẹ̀ ṣẹ̀sín?

Lọ́dún tó kọjá, Àlàájà kú. Ẹgbẹ́ ní àwọn á fi eré náà ṣe ìrántí rẹ̀, bí kò bá sì dùn, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ, kí ẹgbẹ́ túká. Mujeebat nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ lórí, òun ni wọ́n sì ní kó ṣe é. Ẹ̀bùnọlá, tó ti ń ṣe ìyàwó láti ìgbà tí kò tíì lọ́kọ títí tó fi ní ọmọ-ọmọ, tiẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé eré pé, "Níbí ni Àlàájà ti ń jó."

"Àǹtí Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á rẹ́," ni Mujeebat wí. "Mi ò mọ ijó jó. Ẹ ṣáà mọ̀."

"Mo mọ̀," Ẹ̀bùnọlá dáhùn. "Mo wà níbi ìgbéyàwó ẹ. Ṣùgbọ́n torí ijó Àlàájà làwọn èèyàn ṣe ń wá wòran."

Kò purọ́. Ijó tí Mujeebat jó lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bí ẹni tí èèrà wọ bàtà rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ojúde kún dẹ́múdẹ́mú. Sàídì ọlọ́kadà ni wọ́n fi rọ́pò Mujeebat lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹni tí ohùn rẹ̀ lè dá ọkọ̀ dúró ní Bẹẹrẹ. Mujeebat ró ìró Àlàájà, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ geerege, kò ṣi ẹyọ kan. Ibi tí wàhálà wà nìyẹn. Àwọn èèyàn ń yán. Ìyá kan ní iwájú béèrè sókè pé ìgbà wo ni wọ́n máa jó.

Ó kanlẹ̀kùn. Ó ti pinnu pé òun á sọ gbólóhùn náà kíá, kí gbogbo rẹ̀ parí.

"Kí lẹ wá ṣe, Màmá?" Ẹ̀bùnọlá béèrè. Ẹ̀rín ti ń yọ lójú rẹ̀, omi ojú náà sì ti ń yọ, ó ń dúró bó ṣe máa ń dúró de Àlàájà.

Àárò ìyá rẹ̀ sọ Mujeebat débi pé ẹnu rẹ̀ ò ṣe é ṣí.

"Mo wá bẹ̀ ẹ́ ni!" Sàídì ké láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín.

Mujeebat bojú wẹ̀yìn. Kọ́tìnì ò ju ìṣísẹ̀ méjì sí i lọ. Kò sí bí ẹni tó bá dúró síbí ṣe máa ní òun ò gbọ́, ká tiẹ̀ ní ṣe ni wọ́n yọ́ ọ sọ. Fún ogún ọdún, ìyá òun ti ń gbọ́ òun ketekete. Kò gbàgbé nǹkan kan rí. Ijó ló wù ú jó, tó fi ń jẹ́ kí ọ̀fun ọmọ rẹ̀ gbẹ lásán.

Ẹ̀rín gbé Mujeebat, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lulẹ̀. Ó ká ìró sókè díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò yẹ kó gbé ni, àwọn ìyá àgbà sì fò dìde pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́.

Sàídì tún ọ̀rọ̀ náà ké. Mujeebat ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.